Lẹ́tà A kan ṣoṣo ló gba ọgọ́ta yáàdì lọ́wọ́ wa

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí sílẹ̀, torí pé àwa tá a ń fi òyìnbó dá kọ́sítọ́mà lóhùn lórí fóònù ti pọ̀ gan-an báyìí ní Òṣogbo, aláṣọ, oníbàtà, àwọn tó ń gbẹ́gi, àwọn tó ń kun àwòrán, gbogbo wa la sì ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, few, a few, little, a little, much, many, less, fewer, bó ṣe bá wá sí wa lẹ́nu. Èmi náà bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó gba ọjà 60 yáàdì kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń ṣe àdìrẹ. Gbogbo àdúgbò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń pè é ní Màmá Aláró, èmi Màmá ni mò ń pè é torí òun ló tọ́ mi láti kékeré, owó aṣọ yẹn náà ló sì fi rán mi níléèwé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe é, ìkòkò aró mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ògiri ẹ̀yìnkùlé náà ti di búlúù láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ èèyàn lè dé. Nígbà tí mo jáde níléèwé tí iṣẹ́ ò tíì yọjú, ó ní kí n wá máa ya fọ́tò aṣọ fún òun, kí n máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n sì máa dá àwọn tó bá kọ̀wé lóhùn. "Èmi mọ aró, ìwọ mọ òyìnbó," bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, "kálukú á mú tiẹ̀."

Ní August 2018, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú wa ṣe máa ń rí lóṣù yẹn, pàápàá látìgbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àlejò á kún gbogbo ọ̀nà láti Ọjà Ọba títí dé etí odò. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù bá wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó ra yáàdì mẹ́wàá, ó gba ímeèlì wa lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ September ló kọ̀wé. Ó ní òun fẹ́ 60 yáàdì àdìrẹ oníkó aláwọ̀ búlúù yẹn kí oṣù tó parí, pé mélòó la ní nílẹ̀ báyìí, ṣé a sì lè bá òun rẹ ìyókù.

Yáàdì 45 ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn. Mo fọwọ́ ara mi kà á, ìdì mẹ́sàn-án, yáàdì márùn-ún márùn-ún, Màmá ti ká a sínú àpótí. Aró wà nínú ìkòkò méjì, ẹ̀lú tó máa tó rẹ ìyókù náà wà nínú àpò. Mo jókòó, mo ronú ẹ̀ ní Yorùbá, pé a ní yáàdì díẹ̀ nílẹ̀, a sì ní aró díẹ̀, a máa gbìyànjú. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "We have few yards at hand and little dye, but we will try." Màmá ní kí n sọ ohun tí mo kọ fóun, mo sọ ọ́, ó ní ó dáa, kí n fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ló dáhùn. Ó dúpẹ́, ó ní ó yé òun, òun ò fẹ́ fi iṣẹ́ ni wá lára, òun ti rí i rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màmá bi mí pé kí ló dé, ṣé owó ló wọ́n ni, a ò tíì sọ owó kankan. Mo ka lẹ́tà mi bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mi ò rí àṣìṣe kan nínú ẹ̀, sípẹ́lì pé, fúlúsítọ́ọ̀pù wà níbi tó yẹ kó wà. A gbà pé ẹlòmíràn ló tà á fún un ní pọ́ọ́kú. Ìdì mẹ́sàn-án yẹn wà nínú àpótí títí December.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan ní Òkè-Báálẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, gírámà òyìnbó ló fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ, Bàbá Tíṣà la ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ míì ló gbé mi débẹ̀, mo kàn fi lẹ́tà náà hàn wọ́n lórí fóònù ni. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lẹ́tà yìí ń sunkún." Mo ní kí lẹ rí, sà. Wọ́n ò dá mi lóhùn tààrà, ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Tí mo bá wá ra aṣọ lọ́dọ̀ yín, tó o ní díẹ̀ wà nílẹ̀, kí ni màá ṣe?"

Mo ní ẹ máa wọlé wá wò ó, sà.

"Tó o bá wá ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ ńkọ́?"

Mo ní ẹ máa bá tiyín lọ.

"Ohun tó o kọ sí obìnrin yẹn nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ni pé few láìsí A níwájú túmọ̀ sí pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, a few ni díẹ̀ wà. Little náà bẹ́ẹ̀, little dye ni pé aró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a little dye ni pé aró díẹ̀ ṣì wà, a ṣì lè fi ṣe nǹkan. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní iye yẹn lè jẹ́ iye kan náà o. Yáàdì 45 lè jẹ́ few, ó lè jẹ́ a few. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjú sí, ṣé ohun tó wà lo ń wò ni àbí ohun tí kò sí. Lẹ́tà A kékeré yẹn ló ń ṣiṣẹ́ tí "wà" ń ṣe fún wa ní Yorùbá, tó o bá yọ ọ́ kúrò, ẹni tó ń kà á á gbọ́ "kò sí".

Ibi tó ti ń mú wa nìyẹn, mo dẹ̀ fẹ́ kó yé èèyàn dáadáa. Díẹ̀ tiwa yìí kì í yan apá kan. Díẹ̀ wà, díẹ̀ ló kù, díẹ̀ náà ni, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa sọ bóyá inú ń dùn ni àbí ó ń káàánú. Ti òyìnbó, inú ọ̀rọ̀ iye náà gan-an ni wọ́n kó ìdùnnú àti ìkáàánú sí. Nítorí náà tó o bá kàn mú díẹ̀ tó o yí i sí few, o ti fi ìkáàánú kún un láìmọ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣọ́ only, torí only a few, bí A tiẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti padà di ìwọ̀nba díẹ̀, ìkáàánú ti padà sínú ẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún Màmá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà nínú omi èérú. Ó ní, "Lẹ́tà kan?" Mo ní lẹ́tà kan, mà. Ó ní tí omi èérú ò bá tó nínú ẹ̀lú, aṣọ ò ní gba aró, èèyàn ò dẹ̀ ní fojú rí ohun tó dín, àfi tí aṣọ bá gbẹ tán tó rí ràkọ̀ràkọ̀. Kò bínú sí mi. Ó ní kí n lọ kọ́ èyí tó kù.

Èyí tó kù, ọjà ni mo ti kọ́ ọ. Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ gbígbẹ, ìrẹsì, ẹ̀wà, gaàrí, ẹ̀gúsí, gbogbo ẹ̀ nínú báàfù lóríṣiríṣi. Mo ní mo fẹ́ ra ìrẹsì. Ó ní "mélòó?" Mo ní kóńgò méjì. Ó gbé kóńgò, ó bù ú, ó fọwọ́ gọ́n orí ẹ̀ kó lè rí ṣóńṣó, ó tún bu èkejì. Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ ẹ̀ ni mo rántí ohun tí Bàbá Tíṣà ń sọ nípa countable àti uncountable, ohun tó ṣeé kà àti ohun tí ò ṣeé kà, tí mi ò gbọ́ dáadáa nígbà tí mo wà níléèwé. Ìyá yìí ò ka hóró ìrẹsì fún mi. Kóńgò ló kà. Ìrẹsì fúnra ẹ̀ ò ní kíkà lẹ́nu òyìnbó, àfi tí ohun ìwọ̀n bá dé e lórí, nígbà náà o máa ka kóńgò, o máa ka àpò, o máa ka páálí. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ much rice, little rice, àmọ́ tó bá ti di àpò, many bags of rice, few bags. Aró náà bẹ́ẹ̀, omi èérú bẹ́ẹ̀, àbẹ́là tá a ń yọ́ bẹ́ẹ̀, much dye, little wax, àmọ́ many pots of dye.

Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí o, a kì í kàn ronú sí i ni. Tó o bá ń bèèrè owó, "èló ni?" lo máa sọ. Tó o bá ń bèèrè ọsàn, "mélòó ni?" Kò sẹ́ni tó máa dé iwájú ìyá aláta kó ní "owó mélòó". Tí mo bá gbọ́ mélòó lórí owó, bébà owó tí wọ́n kó síra wọn ni ọkàn mi máa lọ sí, pé o kó náírà ọgọ́rùn-ún mélòó dání. Òyìnbó náà gba ibẹ̀ yẹn, how much ni èló, how many ni mélòó, money sì máa ń jẹ́ much, naira ló máa ń jẹ́ many. Nígbà tí mo rí ìyẹn, inú mi dùn gan-an, torí ó dà bíi pé mo ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lápò tipẹ́. Látọjọ́ yẹn tí mo bá fẹ́ kọ̀wé, màá kọ́kọ́ bi ara mi: ṣé nǹkan yìí gba mélòó fúnra ẹ̀, àbí ó di dandan kí n wá kóńgò fún un? Tó bá gba mélòó, many, few, fewer, number. Tó bá ń wá kóńgò, much, little, less, amount.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń ṣiṣẹ́ ṣá, mi ò ní tan yín jẹ. Báàfù ìrẹsì àti báàfù ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kóńgò kan náà ni ìyá yẹn fi ń wọ̀n wọ́n, síbẹ̀ òyìnbó ní much rice, many beans. Ẹ̀wà ní hóró tó ṣeé kà lójú wọn, ìrẹsì ò ní. Ẹ̀pà, groundnuts, wọ́n ń kà á, àgbàdo, maize, wọn ò kà á. Mo wá ìdí ẹ̀ títí, mi ò rí i, mo kàn há a sórí ni. Èyí tó tún le jùyẹn ni àwọn tí mélòó tiwa máa ń gbà dáadáa àmọ́ tí òyìnbó ò gbà. Búrẹ́dì mélòó? Méjì. Ọṣẹ mélòó? Mẹ́ta. Ẹrù mélòó lo gbé? Ìmọ̀ràn méjì ni mo ní fún ẹ. Lẹ́nu òyìnbó, bread, soap, luggage, advice, information, news, furniture, equipment, gbogbo wọn ló ń wá kóńgò, wọn ò gba S nídìí, a loaf of bread, a bar of soap, a piece of advice. Informations ò sí. Furnitures ò sí. Equipments tí mo máa ń rí lára bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀nà Ọláìyá, kò sí i. Mo kọ wọ́n sórí páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń fi fóònù kọ̀wé, ó ṣì wà níbẹ̀, aró ti ta sí i lára.

Fún ẹni tó ń ta aṣọ bíi tiwa, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni aṣọ fúnra ẹ̀. Aṣọ kan ṣoṣo la ní ní Yorùbá, èyí tí wọn ò tíì rán àti èyí tí wọ́n ti rán, aṣọ ni. Òyìnbó yà á sọ́tọ̀. Cloth lèyí tí ò tíì di nǹkan kan, tó wà ní ìdì, ó ń wá kóńgò, yáàdì sì ni kóńgò tiẹ̀, much cloth, ten yards of cloth, five pieces of cloth. Clothes lèyí tó ti di wíwọ̀, ọ̀pọ̀ nìkan ló máa ń jẹ́, o lè sọ pé many clothes, few clothes, àmọ́ wọn kì í fi nọ́ńbà sí i níwájú, wọn kì í sọ pé five clothes. Five clothes yẹn ni mo ti ń kọ sí kọ́sítọ́mà fún ọdún kan gbáko. Tó bá jẹ́ ìdì, mò ń kọ five pieces báyìí, tó bá ti di ẹ̀wù, five shirts.

Ọ̀rọ̀ kejì tó dun mí wáyé ní 2020, èyí náà sì gba àlàyé. Kọ́sítọ́mà kan ní Àbújá ra ìborùn 30 tá a fi àbẹ́là ṣe iṣẹ́ sí lára. Ó kọ̀wé padà: "Quite a few of them have wax stains." Mo rí a few, mo rántí ẹ̀kọ́ mi, mo ní áà, díẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ díẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo ní a máa pààrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn fún un. Obìnrin náà pè lórí fóònù, inú ń bí i, ó ní ṣé mo rò pé òun ń ṣeré ni. Mọ́kàndínlógún nínú ọgbọ̀n ni àbẹ́là ò yọ tán lára ẹ̀. Quite a few kì í ṣe díẹ̀ rárá, ó ti pọ̀, wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ni. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Tíṣà, wọ́n ní kí n fetí sí ara mi bí mo ṣe ń sọ Yorùbá, ṣé tí mo bá ní àwọn tó wá síbi ìnáwó náà kì í ṣe díẹ̀, ṣé wọ́n kéré ni? Mo ní rárá, wọ́n pọ̀ gan-an. Wọ́n ní òyìnbó náà ní not a few, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, quite a few jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Fún nǹkan tí ò ṣeé kà, quite a bit ni wọ́n máa ń lò. Very few ní tiẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nìyẹn.

A tún ìborùn 19 yẹn sè, a yọ gbogbo àbẹ́là lára wọn nínú omi gbígbóná, a fi ránṣẹ́ padà, kọ́sítọ́mà yẹn ṣì ń rajà lọ́dọ̀ wa.

Látìgbà yẹn, ojú mi ti là sí i, mo máa ń rí i káàkiri. Àbúrò mi kan fẹ́ wá iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú yìí, ó ní kí n bá òun wo CV òun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: "I have little experience in cooking and few certificates." Ọmọ yẹn mọ oúnjẹ sè débi tí àwọn èèyàn fi ń pè é sí ìnáwó, ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ló ní. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, òun ò dẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ níwèé. Mo ní kó yọ méjèèjì, kó kọ some experience, kó kọ three certificates. Mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé some ò lè já ẹ kulẹ̀, ó gba nǹkan tó ṣeé kà, ó gba èyí tí ò ṣeé kà, kò sí ìkáàánú kankan nínú ẹ̀. A lot of náà bẹ́ẹ̀, bí agboòrùn ló rí, gbogbo ẹni ló lè wọ abẹ́ ẹ̀, a lot of customers, a lot of dye, kí èèyàn ṣáà rántí pé nǹkan tó tẹ̀ lé e ló ń yan is tàbí are, a lot of customers are waiting, a lot of dye is left.

Less àti fewer ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá Tíṣà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé fewer wà fún ohun tó gba mélòó, less wà fún ohun tó ń wá kóńgò, fewer yards, less dye. Ó rọrùn, ó sì dáa. Àmọ́ mo gbọ́ less than 5,000 naira, less than two weeks, mo ní Bàbá, náírà ṣeé kà, ọ̀sẹ̀ ṣeé kà, kí ló dé tí kò jẹ́ fewer? Wọ́n ní torí pé o ò ka náírà náà níkọ̀ọ̀kan ni, òkìtì kan lo rí, owó kan, àkókò kan, ọ̀nà kan. Láti Òṣogbo dé Ẹdẹ kò tó 20 kìlómítà, less than 20 kilometres ni, kò sẹ́ni tó ń ka kìlómítà bí ẹni ń ka ọsàn. Ìyẹn yé mi.

Àmọ́ mo tún lọ wádìí fúnra mi, mo rí i pé ìlà láàárín less àti fewer yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Alfred tó jẹ ọba lápá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lo less fún ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ní nǹkan bí 888. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé fewer ló yẹ ni Robert Baker ní 1770, kò tiẹ̀ pè é lófin, ó ní lójú tòun fewer ló máa dáa jù níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di òfin. Ní 2008 pàápàá, Tesco, ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú ọba, tó kọ less síbi tí àwọn tí ọjà wọn ò ju mẹ́wàá lọ ti ń sanwó, yí i padà sí up to 10 items kí ariwo lè tán. Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ bá Bàbá Tíṣà. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n wá ní ṣé àbúrò rẹ tó fẹ́ ṣe UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, ṣé Alfred ló máa bá a máàkì ẹ̀? Mi ò ní èsì. Níbi ẹ̀sámù àti nínú lẹ́tà, mò ń pa fewer mọ́, tí mo bá sì gbọ́ ẹni tó sọ less customers, mi ò ní sọ pé kò gbọ́ òyìnbó.

Ọ̀kan kù tí màá tètè sọ, torí mo rí i nínú lẹ́tà ẹgbẹ́ aláàdìrẹ kan láìpẹ́ yìí. A number of our members are, àwọn èèyàn náà là ń sọ, wọ́n pọ̀. The number of our members is, iye yẹn là ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n kọ amount of members, èyí kò dáa, èèyàn kì í ṣe gaàrí.

Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn tún kọ̀wé lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ̀ bóyá ó rántí wa ni àbí fọ́tò ló rí. Ó fẹ́ 50 yáàdì, ó bèèrè iye tá a ní. Mo ti tẹ "We have a few yards" tán, A wà níbẹ̀, gírámà pé. Màmá wá sẹ́yìn mi, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀ sára ìró, ó ní mélòó ló kọ pé òun fẹ́. Mo ní àádọ́ta. Ó ní mélòó ló wà nínú yàrá. Mo ní méjìdínlógójì. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń sọ fún un pé díẹ̀ wà? Ṣé o ò lè kà ni?"

Mo pa a few rẹ́. Mo kọ 38 yards ready, 12 more in nine days. Ó ní kí n kà á sókè fóun ní òyìnbó, kí n tún sọ ọ́ ní Yorùbá, mo kà á, mo sọ ọ́. Ó ní ó dáa, fi ránṣẹ́, ó sì padà sídìí ìkòkò aró ẹ̀.